Èsì: ọ̀dà ọkọ̀ Mustang 1967 tó ń wú lókè táyà ẹ̀yìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀dà tó ń wú bí ìléròrò yẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀dà o, irin ló ti dípẹtà lábẹ́ pọ́tì (ohun bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún). Ẹ má tíì tún un fín.

Ẹ họ ọ́ dé ojú irin, kẹ́ ẹ wá fi screwdriver gún un. Tó bá wọlé, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí wẹ́dà jó páànù tuntun sí i. Tí ò bá wọlé, ẹ fi sáńpépà oní nọ́ńbà 80 họ ọ́ mọ́ kẹ́ ẹ sì fi epoxy primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi kan irin) bò ó lọ́jọ́ náà gan-an, torí nínú òjò Iléṣà yìí irin tó bá sùn níhòòhò, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti pọ́n.

Pọ́tì tẹ́ ẹ bá fi dí i ò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 3 lọ, ẹ má sì fi omi sí i tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà họ ọ́, ó ń fa omi mu bíi búrẹ́dì. Pọ́tì ilẹ̀kùn ọkọ̀ tèmi nípọn bí ìka, ìwé ìròyìn ni wọ́n ká sábẹ́ ẹ̀!