Ẹ Bi Wá: Ajá Tẹ́ ẹ Gbà Tọ́ Títí Yóò Fi Rílé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abo ajá kan ń sùn lẹ́yìn ilé wa, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Mo fẹ́ gbà á tọ́ títí ẹni tí yóò mú un fi máa yọjú. Mo ti ní ọmọ ajá oṣù 2 nílé. Ṣé kí n kàn kó wọn pọ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Rárá o. Ọjọ́ 14 ni kí àlejò yìí fi dá wà: ibi tí ọmọ ajá yín kò ní tẹ̀, abọ́ tirẹ̀, ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Parvo, àrùn ajá kan tó máa ń ràn, là ń sá fún. Ajá tó ti kó o lè máa jẹun, kó máa ju ìrù, fún ọjọ́ 3 sí 14 kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé lè bá a lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sì dìgbà tí wọ́n bá fara kanra, bàtà yín á gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò, kí sílípáàsì tẹ́ ẹ ń wọ̀ lọ́hùn-ún má sì kúrò lọ́hùn-ún.

Dẹ́tọ́ọ̀lù kì í pa parvo. Bílíìṣì ló ń pa á, irú háípò tá a fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, torí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìgbẹ́. Ẹ wá po ife 1 mọ́ ife omi 20, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà tutù fún ìṣẹ́jú 10. Ilẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀ kò ṣeé fọ̀, kòkòrò náà lè lo oṣù púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló dáa jù.

Nídìí oúnjẹ ni àánú ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ajá tí ebi ti pa gbẹ, bẹ́ ẹ bá gbé abọ́ ńlá síwájú rẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dàrú débi tí ọkàn rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ajá tó tó o ń jẹ lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ fún un, ní ìgbà 4 tàbí 5. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ìdajì. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó jẹ àjẹyó. Ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja sísè tẹ́ ẹ ti yọ eegun rẹ̀ ló bá a mu, láìsí ata, láìsí alùbọ́sà. Láfún Ògbómọ̀ṣọ́ dùn lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan, ikùn á kún, ara ò ní rí nǹkan kan mú.

Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ èrìgì tó dáa, á funfun, á sì tún pọ́n padà kíá. Bó bá funfun láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi Coca-Cola, ó lè jẹ́ àìsàn tí eégbọn ń kó bá ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ọta-piapia, kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pa eégbọn. Ajá máa ń lá ara rẹ̀, oró náà á sì wọnú.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ajá tí mo gbà tọ́ ti wà lábẹ́ tábìlì. Bí àwọn ọmọ bá sún mọ́ abọ́ rẹ̀, á máa kùn. — Ìyá ọlọ́mọ, Owódé, Ọ̀yọ́

Ẹ fi í síbẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ jáde. Igun kan ni kó ti máa dá jẹun, kí àwọn ọmọ jìnnà. Àwọn tó máa ń já abọ́ gbà lẹ́nu ajá láti fi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ìbunijẹ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá ń kọjá, ẹ ju ẹja díẹ̀ sí i láti òkèèrè, kó lè mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ kò wá gbà.

Orúkọ kúkúrú ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ o. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ bú aládùúgbò bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá máa mú un kò bá wọn jà.

Ajá tá a gbà tọ́ fi eyín ha ọmọ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ká pa á. — Baba kan, Ọ̀yọ́

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo tàbí àgbo sí i. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la: bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹranko máa ṣọ́ ọ. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le pọnkán lọ́jọ́ kẹwàá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ. Láti oṣù 3 ni ajá ti ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àmọ́ kò lè lé èyí tó ti wọ̀ ọ́ lára ṣáájú.

Ẹnì kan gbé owó wá, ó ní òun fẹ́ ajá náà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹran ló fẹ́ fi ṣe? — Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbọ́. Ẹni tó fẹ́ sin ajá á bi yín pé kí ló ń jẹ, ṣé ó máa ń gbó lóru, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń fọwọ́ tẹ itan rẹ̀, tó ń nájà, tó fẹ́ mú un lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ mọ ohun tó ń wá. A kò bá ẹni tó ń bọ Ògún jà, ajá wà lọ́jà tó bá fẹ́ rà. Èyí tẹ́ ẹ gbà tọ́ kì í ṣe ara wọn.

Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e délé ẹni náà. Ẹ wo ògiri, ẹ wo géètì, ẹ bi onílé bóyá ó gbà. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ajá tó ní tẹ́lẹ̀. “Ó kàn sọnù” lẹ́ẹ̀mejì ti tó kẹ́ ẹ fi padà. Tó bá jẹ́ abo, kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló máa kún títì lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá sí dókítà tó ń ṣe é nítòsí, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà.

Ọ̀sẹ̀ 2 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé bí kò bá lè sin ín mọ́, ọ̀dọ̀ yín ni kó dá a padà sí. Ẹ ya fọ́tò káàdì abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ fún un ní káàdì gan-an. Kó kọ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ àti ti ẹlòmíì nínú ilé náà sílẹ̀. Bó bá kọ̀ láti kọ ìkejì, ẹ mú ajá yín padà sílé.