Ẹsẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé rẹ̀, ẹ má jókòó tì í

Ẹ̀gbọ́n mi l'Ókè Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ. Ẹ ní ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ọrùn ẹsẹ̀ yín, pé ìyàwó yín ní kẹ́ ẹ máa jókòó, àwọn ọ̀rẹ́ yín sì ní kẹ́ ẹ padà wá sídìí bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́. Mi ò bá ìkankan nínú wọn lọ. Ọkàdà ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ tèmi nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà l'Ádó. Egungun jinná, àmọ́ nígbà tó yá, làkúrègbé wọ ibẹ̀. Bí ti ọrùn ẹsẹ̀ ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, ìfarapa àtijọ́ ló ń bí i. Wọ́n pààrọ̀ tèmi náà, mo sì ń rìn.

Rírìn kọ́ ló ń pa oríkèé tuntun lára, bí ẹsẹ̀ ṣe ń já lulẹ̀ ni. Irin ni wọ́n fi sókè àti nísàlẹ̀, ike líle wà láàárín. Téèyàn bá ń sáré, tó ń fò, tó ń yí bìrí lórí pápá, ike yẹn ni gbogbo ara ń já lé, á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín gan-an.

Òkè ilẹ̀ wa yìí ló le jù. Béèyàn bá ń gòkè, iwájú ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ká sókè, oríkèé tuntun kì í sì í ká tó ti àtijọ́. Sísọ̀kalẹ̀ tún wá burú jù ú lọ. Pápá iléèwé tó tẹ́jú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìṣísẹ̀ kékeré ni, pẹ̀lú ọ̀pá. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kẹ́ ẹ fi mú ọ̀pá náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí. Kẹ̀kẹ́ dára. Omi tún dára jù, torí ó ń gbé ara fúyẹ́: bí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé pátápátá, tí dókítà sì gbà, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ olómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó wà ní Ìkógòsì yóò tù yín lára.

Ní ti oko, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ebè. Kòkó fífọ́, ìjókòó la fi ń ṣe é. Bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀ débẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Èmi ò kúnlẹ̀ mọ́, mo máa ń tẹ̀ríba, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀ fún àgbà. Kò tíì sẹ́ni tó bínú.

Ẹsẹ̀ á máa wú lálẹ́, ó lè tó ọdún kan kó tó tán. Ẹ gbé e lé ìrọ̀rí. Tí wíwú náà bá ti lọ sílẹ̀ láàárọ̀, ohun tẹ́ ẹ ṣe lánàá kò pọ̀ jù. Tó bá ṣì wú, tó ń ro yín, ẹ dín in kù. Àmọ́ bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá ń dùn yín tó sì wú, tàbí ojú abẹ ń ṣomi, tàbí ibà wọlé, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni o.

Ẹ má sì pa ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín láti wá ya fọ́tò egungun jẹ, bó ti wù kára yín le tó, torí irin lè ti máa tú kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀.