Ìgbín kan ṣoṣo ni mo rí nínú tánkì ẹja mi: báwo ni wọ́n ṣe di rẹpẹtẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra ewéko inú omi sínú tánkì gíláàsì tí mo fi ń sin ẹja. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìgbín kékeré kan lára gíláàsì. Mo fi í sílẹ̀, torí mo rò pé ẹyọ kan ò lè bímọ. Ní báyìí, wọn ò lóǹkà mọ́. Ṣé kí n da oògùn sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da oògùn kankan sí i. Ẹyọ kan tó ó bí gbogbo wọn. Èyí tó sábà máa ń bá ewéko wọlé ni irú ìgbín omi kan tí wọ́n ń pè ní Physa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo. Bí ó bá rí ẹnìkejì, wọ́n á gun ara wọn, á sì fi àtọ̀ tó gbà pamọ́ sára. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni, á dúró fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á fi àtọ̀ ara rẹ̀ sọ ẹyin rẹ̀ dọmọ. Abẹ́ ewé ló ń yé e sí, nínú ohun kan tó ń yọ̀, tó mọ́ gaara débi pé ojú lè fò ó. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin náà á pa láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2.

Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ gbé ṣóńṣó ìkarahun rẹ̀ sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Bí ẹnu náà bá wà lápá òsì, Physa ni. Èyí tó gùn, tó ń rì sínú yanrìn lọ́sàn-án tó sì ń jáde lóru, irú ìgbín mìíràn tí wọ́n ń pè ní Melanoides tuberculata ni. Abo ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, wọ́n sì ń bímọ láìrí akọ. Kì í yé ẹyin síta: àpò kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀ tí ọmọ ti ń dàgbà, tòun ti ìkarahun ni yóò sì jáde. Inú omi ló ti ń mí, nítorí náà bí ẹ bá rí gbogbo wọn tí wọ́n ń gun òkè lọ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kí ọ́síjìn ti dín kù. Ẹ tètè pààrọ̀ omi díẹ̀. Ti Physa yàtọ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ní, ó máa ń wá mí lójú omi.

Oúnjẹ ló sọ wọ́n di púpọ̀. Oúnjẹ ẹja tó ṣẹ́kù, ewé tó ti ń rà àti ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ara gíláàsì ni wọ́n ń jẹ. Wọn kì í sábà fọwọ́ kan ewé tó yè. Ìwọ̀nba tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2 ni kí ẹ máa fún wọn. Lálẹ́, ẹ ju ewé lẹ́túùsì kan sí i. Bó bá di àárọ̀, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ìgbín tó ti so mọ́ ọn. Ẹ ṣe é léraléra.

Oògùn tó ní bàbà (copper) nínú á pa ìgbín lóòótọ́, àmọ́ ó lè pa ẹja náà. Òkú ìgbín tó bá rà lẹ́ẹ̀kan náà á tú amóníà sínú omi, ìyẹn náà sì ń pa ẹja.

Ohun tó ká mi lára jù ni kí a má dà wọ́n sódò. Àríwá Amẹ́ríkà ni Physa acuta ti wá, òun ló ti gba odò káàkiri ayé yìí. Ẹ fi wọ́n sínú fìrísà mọ́jú kí ẹ tó dà wọ́n nù.

Tèmi ni pé kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń bá yín tún tánkì ṣe.