Ó tọ́ sí Ben Wallace

Ọ̀rẹ́, o ní kò yẹ kí Ben Wallace, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball) Detroit nígbà kan, wà nínú Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń yẹ́ àwọn akọni eré náà sí. Ó tọ́ sí i. Òótọ́ lo sọ pé pọ́ìntì 5.7 péré ló ń jẹ ní ìpíndọ́gba nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n pọ́ìntì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń wọ Hall of Fame.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni NBA, líìgì basketball Amẹ́ríkà, fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ọ̀nà dí jù lọ: 2002, 2003, 2005 àti 2006. Olajuwon tiwa gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà á! Bí bọ́ọ̀lù bá ta padà lára irin, ọwọ́ Wallace ló ń bọ́ sí. Òun náà ló ń forí ko Shaq, òmìrán Lakers, lábẹ́ awọ̀n nígbà tí Detroit fi 4–1 na Lakers nínú àṣekágbá NBA ní 2004, tí wọ́n sì gba ife.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í jẹ pọ́ìntì, tí kò ṣíwájú líìgì nínú ohunkóhun rí, tí kò sì gba ife, mi ò ní dìbò fún un.