Owó-orí tí ìjọba dá padà pẹ́ kí ó tó jáde: ṣé mo lè yọ nínú owó iṣẹ́ akáńtáǹtì mi?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, Ààfáà wa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú, mo sì ti forúkọ ilé-iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 2022, iṣẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà ni mo ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé-ìwé tí wọ́n jẹ́ oníbàárà mi. Gbogbo wọn ni ó yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún ìjọba kí wọ́n tó sanwó fún mi, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní withholding. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200,000 náírà. Akáńtáǹtì kan sọ fún mi pé irú ilé-iṣẹ́ kékeré bíi tèmi kì í san owó-orí èrè, pé òun yóò bá mi gba owó náà padà. Ohun tí ó sọ lórí WhatsApp nìyí: “150,000 ni iṣẹ́ mi. Ẹ fún mi ní 50,000 kí n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fún mi ní ìyókù tí owó bá jáde. Kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ.” Ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni mo kó ìwé fún un, inú Ràmàdáánì ọdún 2024 ni owó tó wọlé. Kí ó tó wọlé, mo ti yá owó ra pépà, mo sì ti san èlé 90,000 lé e. Ní báyìí, ó ń béèrè 100,000 tó kù, ó sì tún fi 60,000 lé e, ó ní owó mọ́tò ni àti èyí tí òun “fi rí àwọn tó wà nínú”. Mo fẹ́ yọ èlé tí mo san kúrò, kí n fún un ní 10,000 péré. Ṣé ẹ̀tọ́ mi ni? Mo fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ránṣẹ́ pẹ̀lú.

Ìdáhùn: Wa alaykum salaam wa rahmatullah. Arákùnrin mi, ẹ jẹ ẹ́ ní 100,000, ẹ san án fún un. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún tí ó fi lé e kò sí lọ́rùn yín, èlé tí ẹ san kò sì sí lọ́rùn rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti le díẹ̀ ni orí òǹtẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn, a ó dé ibẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni irú àdéhùn tí ẹ ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbà á síṣẹ́ láti to ìwé kí ó sì gbé e lọ ni, ijaarah nìyẹn, ó sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí owó bá jáde nìkan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò tó dúró, ju'aalah ni, irú èyí tí Súrà Yúsúf àáyà 72 sọ nípa rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kéde pé ẹni tí ó bá mú ife ọba wá yóò gba ẹrù ràkúnmí kan. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ Maliki, tí ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ju'aalah kò ní nǹkan kan láti gbà títí tí ohun tí wọ́n rán an yóò fi tẹ olówó lọ́wọ́. Ká ní owó yín kò jáde rárá ni, orí èyí gan-an ni a ì bá ti máa fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owó ti jáde, ó pé, ó sì ti wọ àkáǹtì yín. Ọ̀nà yòówù tí a bá gbà wò ó, owó iṣẹ́ rẹ̀ ti di gbèsè lọ́rùn yín. Ẹ sì mọ hádíìsì tí Bùháárì gbà wá, pé Ọlọ́hun yóò bá ènìyàn mẹ́ta ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì san owó rẹ̀ fún un.

Ẹ ó ní, “Ó sọ pé oṣù mẹ́ta.” Òótọ́ ni. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo sì rò pé ìrètí ni ó sọ, kì í ṣe májẹ̀mú. Ènìyàn kì í fi ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ ṣe májẹ̀mú. Ó jọ pé inú òfin ni ó ti mú oṣù mẹ́ta yẹn: òfin ọdún 2007 tí ó wà lórí owó-orí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà sọ ní abala 23 pé kí wọ́n dá owó tí ẹnì kan san lé padà láàárín 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ti yẹ ìwé wò tán tí wọ́n sì fẹnu kò pé owó tọ́ sí i ni a ti ń ka 90 náà, kì í ṣe ọjọ́ tí a gbé ìwé lọ. Ó yẹ kí akáńtáǹtì mọ èyí, ó sì yẹ kí ó là á yé yín; àìlàyé rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, kò sì tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku òǹtẹ̀. Mo fi gíláàsì mi wò ó dáadáa: 4 oṣù keje ọdún 2023 ni ó wà lára òǹtẹ̀ tí wọ́n fi gba ìwé náà wọlé. Iléyá ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni ẹ sì kó ìwé fún un. Oṣù márùn-ún gbáko nínú oṣù mẹ́rìnlá yín, ilé rẹ̀ ni ìwé wà, kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba. Èyí ni ẹ ì bá ti bi í léèrè kí ẹ tó máa ṣírò èlé. Ó lè jẹ́ pé ó ń dúró de ìwé ẹ̀rí tí àwọn oníbàárà yín yẹ kí wọ́n fún yín pé àwọn ti san owó tí wọ́n yọ. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ohun tí a ó fi béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kò tètè gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ má dá a lẹ́bi. Bí ìwé bá sì ti pé lọ́jọ́ tí ẹ kó o lé e lọ́wọ́, tí ó kàn gbé e sí abẹ́ tábìlì, a jẹ́ pé ó fi àmáànà jáfara. Ẹ lọ bi akáńtáǹtì méjì tàbí mẹ́ta tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín pé ọjọ́ mélòó ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kí a tó gbé e lọ, nítorí pé níbi tí àdéhùn kò bá ti dá ọjọ́, àṣà àwọn oníṣẹ́ náà ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ìdájọ́. Ẹ̀yìn náà ni ẹ lè ní kí ó dín owó rẹ̀ kù fún yín. Bí ó bá gbà, kí owó náà rọ̀ yín lọ́rùn. Bí kò bá gbà, ẹ kò lè fọwọ́ ara yín yọ ọ́.

Ní ti 90,000, n kò rí ọ̀nà kankan fún un. Èlé tí ẹ san, haráàmù ni ẹ wọ̀, ẹ tọrọ àforíjìn fún un. Kò ṣeé ṣe kí ẹ wá gbé e lé elòmíràn lórí. Àti pé kí ènìyàn béèrè owó nítorí pé owó pẹ́ kó tó dé, ríbà, èyíinì ni èlé tí ẹ̀sìn kà léèwọ̀, náà ni ó ń fojú jọ.

Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ńkọ́? Iye tí ẹ jọ dá ni 150,000. Owó mọ́tò láti Ṣómólú lọ sí ọ́fíìsì wà nínú iṣẹ́ tí ó gbà, àyàfi tí ẹ bá jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ó máa san án lọ́tọ̀. Èyí tí ó fi “rí àwọn tó wà nínú”, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀: àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbé ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á ṣépè. Àwọn onímọ̀ kan ṣàánú ẹni tí wọ́n dí lọ́nà ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí kò sì rí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ kò rán an, kò sì béèrè lọ́wọ́ yín kí ó tó ṣe é. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan lé owó yẹn.

Ẹ pè é, kí ẹ jọ jókòó lẹ́yìn ìrun Alásárì níwájú ẹni méjì tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, kí ẹ gbé òǹtẹ̀ náà àti ọ̀rọ̀ WhatsApp sílẹ̀ láàárín. Bí ó bá ní ẹ ṣèlérí owó mọ́tò, òun ni kí ó mú ẹ̀rí wá. Bí kò bá ní ẹ̀rí, ẹ̀yin ni ẹ ó búra. Bí ìjókòó náà kò bá so èso, Citizens Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń parí irú ìjà yìí láìgba owó, ilé-ẹjọ́ Small Claims sì wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. N kò rò pé ọ̀rọ̀ yín tó ibẹ̀. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ. Bí ó bá sì kọ̀ láti gba 100,000 náà nítorí pé 160,000 ni ó fẹ́, ẹ fi í sí àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún sí i, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì báńkì.