Ọkọ mi ti dé láti ojú ogun, àmọ́ kò tíì sinmi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ọdún 21 ni bàbá àwọn ọmọ mi fi ṣe sọ́jà, ìpínlẹ̀ Borno ló sì ti lo 4 tó kẹ́yìn. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì wálé sí Iléṣà, kì í rí oorun sùn. Lóru ọjọ́ kan mo fọwọ́ kàn án kó jí, ló bá fún mi lọ́rùn. Nígbà tó mọ ohun tó ṣe, ó bú sẹ́kún. Ẹbí ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, màmá. Ẹ má gbàgbé ẹkún tó sun yẹn o. Kò kórìíra yín. Ara rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ pé òun ti kúrò lójú ogun. Lọ́pọ̀ ìgbà, òru ni Boko Haram ń ya wọ bùdó àwọn sọ́jà ní Borno. Ẹni tó bá sùn fọnfọn níbẹ̀ lè má jí mọ́. Ohun tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí lọ́hùn-ún ló ń dà yín láàmú nílé báyìí.

Ẹ má fọwọ́ kàn án lójú oorun mọ́. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹ tan iná, ẹ pe orúkọ tí ẹ máa ń pè é nílé, ẹ sọ fún un jẹ́ẹ́ pé Iléṣà ló wà. Kí àwọn ọmọ má ṣe yin bángà nítòsí rẹ̀. Bó bá ń fi ọtí wá oorun, ọtí náà ni yóò tún jí i láàárín òru.

Èmi náà ń gbàdúrà, àmọ́ àwẹ̀ àti ìṣọ́ òru fún ẹni tí kò rí oorun sùn, ìpalára ni.

PTSD ni àwọn dókítà ń pè é, ìyẹn àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀lé ohun ẹ̀rù tí èèyàn là kọjá, kì í ṣe wèrè. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ yóò mú un sọ ohun tó rí ní díẹ̀díẹ̀, títí ìrántí náà kò fi ní máa já lù ú lójijì mọ́. Dókítà lè fi oògùn kún un. Ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀ kò jìnnà sí yín. Ẹ bá a lọ: nígbà tí Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, ń tọ́jú aláìsàn ní Aró, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ó ní kí ará ilé wá bá wọn gbé.

Ẹ bi í léèrè gbangba bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yín kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kó ìbọn àti oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.