Kí ni wọ́n ń wí gan-an bí wọ́n bá ní "alẹ́ á sàn ọ́ ju òwúrọ̀ lọ"?

Ìbéèrè náà ni pé: bí àgbà bá wúre fúnni pé "alẹ́ á sàn ọ́ ju òwúrọ̀ lọ", ṣé ọjọ́ ogbó, tí orúnkún ń ro ni, tí eyín ń ká, ló máa wá dùn ju ìgbà èwe lọ?

Ẹni tó béèrè ò jẹ̀bi. Ìlú ńlá ló kọ́ wa pé alẹ́ ni ìgbà tí à ń ti géètì, tí à ń bẹ̀rù olè. Nínú agbo ilé tí àdúrà yìí ti wá, alẹ́ ló dùn jù nínú ọjọ́. Láàárọ̀, kálukú á fọ́n ká: ẹni tó ń roko á mú àdá, ẹni tó ń nájà á gbégbá. Lọ́sàn-án, oòrùn àti làálàá ni. Alẹ́ ni wọ́n tó ń padà wálé, tí odó á máa dún, tí iyán á délẹ̀, tí àwọn ọmọ á yí ìyá àgbà ká fún àlọ́. Bí òṣùpá bá tún wá yọ, bojúbojú yá nìyẹn. Ẹni tó ní kí alẹ́ sàn ọ́, kì í ṣe owó nìkan ló ń wí. Ó ń wí pé kí ilé rẹ kún nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ìdùnnú òwúrọ̀, ìyẹn ìgbà èwe, ò ṣòro. Ọmọ tí wọ́n rán bùbá Iléyá fún á ti wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí ọdún tó pé.

Ti ọ̀sán, ìgbà tí a ń wá ajé kiri, ló le. Bí babaláwo bá ń to ire, ire ajé ló sábà máa ń ṣíwájú, kí ire aya àti ire ọmọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ò lè bá a wí: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ wá wo èyí tó kẹ́yìn, ire àìkú, tí wọ́n ní òun ló parí ìwà. Ìwà tibí yìí kì í ṣe ìṣesí, wíwà láyé ni. Àìkú náà kì í ṣe pé èèyàn ò ní kú láé. Kí a má kú ní rèwerèwe ni, kí a gbó.

Níbi ìkómọ ló ti hàn jù. Ọjọ́ 8 péré lọmọ dáyé, oyin wà nílẹ̀, iyọ̀ wà nílẹ̀, orógbó náà wà níbẹ̀ kí ó lè gbó. Òwúrọ̀ rẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a ti ń tọrọ alẹ́ fún un.

Àwọn kan á ní irú èrò yìí ló bí òwe pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, pé òun làwọn òbí fi sọ ọmọ di báńkì. N ò ní purọ́, àwọn òbí bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọmú ni òwe wí, kò wí oúnjẹ lásán. Ẹni tó ń mu ọmú, àyà ni wọ́n gbé e sí.

Mo fún ìyá bàbá mi lówó lọ́jọ́ kan. Wọ́n sọ ọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí láìkà á, wọ́n ṣàdúrà ráńpẹ́. Ìgbà tí mo bọ́ bàtà, tí mo fa àpótí, tí mo ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àná fún mi ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín, tí omijé fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n rọra jẹ ẹ́, pé ilẹ̀ ò tíì ṣú.